Eku, Asín, Òkété: Èwo La Ó Fi Sílẹ̀, Èwo La Ó Ṣọ́ra Fún?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ìyá ilé wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń sáré kọjá lábẹ́ àká ni eku. Asín, èyí tí imú rẹ̀ gùn ṣọnṣọ, tí òórùn rẹ̀ ń gba gbogbo yàrá, kò bá ti àgbàdo yín wá. Aáyán, kòkòrò àti ekòló ló ń jẹ. Ẹ jẹ́ kó máa lọ, ẹ má ṣáà fọwọ́ mú un, ó ń géni jẹ. Òkété ní tirẹ̀, inú ihò ló ń gbé. Tó bá jáde lóru, á di ẹ̀kùrọ́ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì títí ojú rẹ̀ á fi wú bí ẹni tí eyín ń dùn, á sì gbé e wọ ihò lọ. Ẹ̀gẹ́ tó wà nítòsí ihò yẹn ni kí ẹ tètè wà.

Èyí tó yẹ ká bẹ̀rù kéré sí òkété dáadáa: eku ọlọ́mú púpọ̀, tí abo rẹ̀ lè ní ọmú tó 24. Lásìkò òjò ó lè wà lóko, ṣùgbọ́n tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, inú ilé ló ń wá oúnjẹ wá. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń kó ibà Lassa ranni, àìsàn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ nílùú Lassa, ní Borno, lọ́dún 1969. Ará Ọ̀wọ̀ kò nílò kí a máa ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn.

Láfún tí a sá sétí títì ló ń bà mí nínú jẹ́ jù. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí a kò kó o, eku á tọ̀ sí i, oòrùn ọjọ́ kejì á gbẹ ẹ́, ojú kò sì ní rí nǹkan kan. Ẹ máa kó o wọlé nírọ̀lẹ́, sínú ike onídèérí. Eku ń jẹ àpò lu.

Tí ẹ bá rí ìgbẹ́ eku nílẹ̀, ẹ má fi ọwọ̀ gbá a ní gbígbẹ. Ẹ po Jik mọ́ omi, ẹ dà á lé e, kó rin gbingbin, kí ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́ kí ẹ tó nù ún.

Mo mọ̀ pé ẹran eku dùn, àmọ́ ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ tó ń dẹ ẹ́: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ léwu. Òwìwí tó ń ké lórí igi yín ńkọ́? Ẹ má sọ ọ́ lókò nítorí ọ̀rọ̀ àjẹ́. Eku ló ń pa jẹ.

Ibà Lassa lè lo ọjọ́ 6 sí 21 lára kó tó fara hàn. Bí ibà bá mú ara ilé, tó lo oògùn ibà tí kò lọ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé eku wà nílé yín.