Kí Ẹgbẹ́ Tó Jù Wá Lọ Tó Dé Pápá Wa: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwa Alátìlẹ́yìn

Bí ó bá ti ku ọjọ́ mẹ́ta kí ẹgbẹ́ ńlá wá bá wa gbá bọ́ọ̀lù nílé, oorun kì í kùn wá mọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wa: "Ṣé a máa nà wọ́n?" Mo mọ ìrètí yẹn dáadáa. Ó ti gbé mi fò rí, ó sì ti là mí mọ́lẹ̀ rí. N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má retí. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ ohun tó ń retí gan-an, ibẹ̀ sì ni gbogbo àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìrètí tí kò mọ ohun tó ń wò máa ń di ìbínú kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, ìbínú náà kì í sì í dúró lórí ìjókòó wa. Inú pápá ló ń wọ̀ lọ.

Má gbójú lé ilé bí ẹni gbójú lé ogún

"Ilé wa ni, wọn ò lè mú un jẹ." Ọ̀rọ̀ yìí dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbójú lé ogún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó rò pé jíjẹ́ onílé nìkan tó láti gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Àǹfààní ilé wà lóòótọ́, àmọ́ ó ní ohun tó ń fà á. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2009, Bòlífíà na Ajẹntínà tó ní Messi ní 6-1 nílùú La Paz. Pápá yẹn ga ju ojú òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 3,600. Atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹni tí kò bá gbé ibẹ̀ rí á máa mí hẹlẹhẹlẹ kí eré tó gbóná. Ara onílé ti mọ́ ọn. Ohun tó ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Pápá tiwa lè má ga rárá. Ohùn wa la ní. Nígbà tí líìgì Jámánì padà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù láìsí èrò nítorí àrùn kòrónà, àwọn onílé kò borí tó bí wọ́n ṣe máa ń borí tẹ́lẹ̀. Koríko kan náà ni, yàrá ìmúra kan náà ni, àwọn alátìlẹ́yìn nìkan ni kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, bí ohùn wa bá wà lára àǹfààní ilé, a jẹ́ pé àwa náà lè fi ohùn yẹn ba àǹfààní ọ̀hún jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò nìyẹn.

Má pariwo "ẹ lọ síwájú!" láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́

Nínú gbogbo àṣìṣe wa, èyí ló ń dùn mí jù, torí ìfẹ́ ló ń sún wa ṣe é. A rí i pé ọmọ wa gba bọ́ọ̀lù lẹ́bàá ilé tiwa, ó dúró, ó wò ọ̀tún, ó wò òsì, ó dá a padà fún ẹnìkejì rẹ̀. Kíá, gbogbo pápá ti hó: "Gbé e lọ! Kí lò ń dúró wò?" Ọmọ náà gbọ́. Ó gbé e lọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ohun tí ẹgbẹ́ ńlá ń dúró dè gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹsẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù iwájú wọn yá, ààyè ni wọ́n ń wá, àwa la sì ń fi ẹnu wa ṣí ààyè sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká rántí ọjọ́ keje oṣù kọkànlá ọdún 2012, nígbà tí Celtic, ẹgbẹ́ kan nílẹ̀ Scotland, gba Barcelona lálejò ní Glasgow. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ó ju mẹ́jọ lọ tí bọ́ọ̀lù fi wà lẹ́sẹ̀ àlejò. Celtic ò bá wọn du ìyẹn. Wọ́n fún ara wọn pọ̀, wọ́n dúró de kọ́nà, Victor Wanyama sì fi orí kan ọ̀kan wọlé ní ìṣẹ́jú 21. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lé ní wákàtí kan tí wọ́n fi fara da gbogbo ìyà tó kù. Ní ìṣẹ́jú 83, aṣọ́lé wọn gbá bọ́ọ̀lù gígùn kan, agbábọ́ọ̀lù Barcelona kan ṣì í, Tony Watt, ọmọ ọdún 18 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, gbá a sáwọ̀n. Messi dá ọ̀kan padà nígbà tí eré fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ṣùgbọ́n 2-1 ni wọ́n parí rẹ̀.

Ká ní àwọn tó jókòó níbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bínú torí pé ẹgbẹ́ wọn ò rí bọ́ọ̀lù gbá ńkọ́?

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù keje ọdún 2014, Bùràsíìlì gba Jámánì lálejò nínú ife àgbáyé ní Belo Horizonte láìní Neymar àti Thiago Silva, méjì lára àwọn ògbóǹtarìgì agbábọ́ọ̀lù wọn. Nígbà tí wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè, ṣe ni wọ́n gbé aṣọ Neymar sókè. Ìtara kún pápá dẹ́nu. Wọ́n tú jáde láti kọlu Jámánì, àárín wọn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà péré, láti ìṣẹ́jú 23 sí 29, gòólù mẹ́rin ni Jámánì gbá sáwọ̀n wọn. 7-1 ni wọ́n parí rẹ̀. Ìtara ò ṣe wọ́n láǹfààní kankan, torí kò sí ẹni tó ṣọ́ ẹ̀yìn.

Lójú tèmi, ohun tó yẹ ká máa pàtẹ́wọ́ fún ni bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá dànù láìwo ẹ̀yìn, kọ́nà tí a rí gbà, ìṣẹ́jú márùn-ún tó kọjá láìsí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí a bá ń retí nǹkan wọ̀nyí, a ó máa rí ohun tí inú wa ó máa dùn sí, àwọn ọmọ náà á sì mọ̀ pé ohun tí àwọn ń ṣe yé wa.

Má hó lé ọmọ ẹni lórí

Mo ti ṣe é rí. Ìṣẹ́jú kẹsàn-án ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n wa, ọmọ tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn lápá òsì ló yọ̀ ṣubú. Nígbà tí bọ́ọ̀lù tún kàn án, èmi àti àwọn tó yí mi ká hó lé e lórí. Láti ìgbà náà, kò wá bọ́ọ̀lù mọ́. Bó bá dé ẹsẹ̀ rẹ̀, aṣọ́lé ló ń sáré dá a padà fún. Àwọn àlejò rí i, apá òsì yẹn ni wọ́n sì gbà wọlé lẹ́ẹ̀mejì sí i. Mo padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì mọ̀ pé mo lọ́wọ́ nínú gòólù méjèèjì. Ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Jíju nǹkan sínú pápá tún burú ju ìyẹn lọ. Ó lè ṣe èèyàn léṣe, ó sì lè mú kí àwọn aláṣẹ ti pápá wa pa, kí àwọn ọmọ wa wá máa gbá bọ́ọ̀lù níwájú àga òfìfo.

Má ka gòólù sílẹ̀ ṣáájú, má sì kẹ́gàn ọ̀mì

Ní ọdún 1950, ọ̀mì péré ni Bùràsíìlì ń wá ní Maracanã, pápá ńlá wọn ní Rio de Janeiro, kí ife àgbáyé tó di tiwọn. Ìwé ìròyìn kan ti gbé àwòrán wọn jáde pé àwọn ni olúborí. Úrúgúwè nà wọ́n ní 2-1. Bùràsíìlì tí gbogbo ayé gbà pé ó lágbára jù ṣe bẹ́ẹ̀, ó jìyà rẹ̀, áńbọ̀sì àwa tí ẹni tó jù wá lọ ń bọ̀ wá bá. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àmì ẹyọ kan tí ọ̀mì ń fúnni wúlò. Ẹ má sì fi owó oúnjẹ ta tẹ́tẹ́ lórí ìfẹ́ ọkàn yín.

Má dìde kó tó tán

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì ọdún 1972, Hereford tí kò tilẹ̀ sí nínú líìgì ńlá gba Newcastle lálejò nínú ife FA ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí pápá tó ti di ẹrẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 82, Malcolm Macdonald ti Newcastle fi orí kan bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Hereford. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló kù. Ìṣẹ́jú bí irú èyí ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń mú fìlà. Kò pẹ́, Ronnie Radford ti Hereford rí bọ́ọ̀lù níbi tó jìnnà réré sílé, ó fọn ọ́n, ó wọlé. Ní àfikún àkókò, Ricky George tó wọlé rọ́pò gbá ìkejì. Ẹni tó bá ti dìde ní ìṣẹ́jú 82, ojú títì ló ti gbọ́ ariwo méjèèjì.