Bí àmì orí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ kí n sanwó ìwé kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tó dùn mí. Ìwé Yorùbá kan ni mo kọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà, ẹ̀dà 60 ni mo tẹ̀ ní Kabba, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ojú ewé 32 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó àpò ara mi ni. Ìgbà tí mo tú páálí rẹ̀ nílé ìwé, kò sí ojú ewé kan tí àmì ọ̀rọ̀ pé sí. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí mo kọ ni "Bàbá gbé ọkọ́ lọ sí oko", ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni "Baba gbe oko lo si oko". Ọmọ Pirámárì Tú kan kà á sókè, ó dákẹ́, ó wojú mi, ó ní, "Tíṣà, ṣé bàbá ru oko ni?" Omi bọ́ lójú mi.

Abúlé kan ní Bùnú ni ilé ìwé wa wà, tíṣà mẹ́rin péré la jẹ́, kíláàsì méjì ló ń pín yàrá kan. Ohun tó bí ìwé yìí ni pé ìwé tí wọ́n fún wa ya àwòrán ápù, ó ní kí ọmọ kọ orúkọ rẹ̀, ọmọ méje ló sì kọ kajú. Èso pupa ni, igi kajú ló yí wa ká, kí ni kí wọ́n kọ? Mo fi bírò pupa fagi lé gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tó di alẹ́ n ò rí oorun sùn torí mo mọ̀ pé èmi ni mo ṣì.

Kòríkúlọ́ọ̀mù ìjọba ò le, àkòrí inú rẹ̀ náà ni mo mú, àpẹẹrẹ ni mo pààrọ̀, ẹ̀yin tíṣà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn. Ìṣírò ló dùn mọ́ mi jù. Bàbá kan mú wa lọ sóko iṣu rẹ̀, ó ní igba ebè ni àwọn fi ń wọn oko, àwọn ọmọ kà á ní ogún-ogún lọ́nà mẹ́wàá, táìmù tébù tí mo ti ń pariwo lé lórí láti Jánúárì, ọjọ́ kan ni wọ́n mọ̀ ọ́n! Ìyá kan tó ṣì ń hun aṣọ lórí òfì ìdúró náà jẹ́ ká jókòó tì í, ó sọ̀rọ̀ aṣọ ìpò fún wọn, aṣọ pupa tí Bùnú fi ń sìnkú àgbà ọlọ́lá, bẹ́ẹ̀ ọmọ Bùnú tí kò rí i rí pọ̀ nínú kíláàsì wa.

Òbí kan bínú wá, ó ní òun ò rán ọmọ wá kó wá kọ́ ohun tí ìyá àgbà rẹ̀ lè kọ́ ọ nílé. Mo sọ ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ fún un, bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ pirámárì fún ọdún 6 gbáko láti 1970, tí Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà ò sì bàjẹ́. Ó ní ká máa wò ó.

Títẹ̀ ló wá fẹ́ẹ̀ pa mí. Orí fóònù ni mo ti tẹ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àmì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, alaalẹ́, ilé ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ ni mo ti ń cháàjì. Mo fi ránṣẹ́ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lórí WhatsApp. Kọ̀ǹpútà wọn ò ní fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń tẹ̀wé, tó gba Yorùbá, ibi tí àmì bá wà lórí ẹ tàbí ọ, àpótí kékeré òfìfo ló ń gbé jáde, ni bùọ̀dá yẹn bá tún àwọn ojú ewé kan tẹ̀ láìfi àmì kankan sí i, kò pè mí, kò bi mí. Ìgbà tí mo padà lọ, ó ní, "Àǹtí, ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ ohun tó ń sọ." Ọmọ ọdún méje ni yóò máa mọ̀ ọ́n! Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀, ṣé ọ̀kan náà ni? Kò dá kọ́bọ̀ padà. Mo tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, owó ọ̀kadà ni, ó fi fọ́ǹtì mìíràn tẹ ojú ewé kan, àmì wá ń bọ́ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e.

Kọ́pà kan ló là mí lójú. Ó ní nínú kọ̀ǹpútà, ẹ tó ní àmì ìsàlẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n tí ohùn bá tún gun orí rẹ̀, bí ẹ́, ó ti di nǹkan méjì tí wọ́n tò léra, fọ́ǹtì tí kò bá mọ̀ ọ́n tò á tú u ká. Ó fi fọ́ǹtì kan tí wọ́n ń pè ní Charis SIL sí i, ó sọ ọ́ di PDF kí fọ́ǹtì náà lè bá ìwé rìn, ibòmíràn ni mo sì gbé e lọ, mo sanwó ìwé 60 lẹ́ẹ̀kejì. Ó jáde bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ká ní mo mọ̀ ni, ojú ewé kan péré ni ǹ bá kọ́kọ́ ní kí wọ́n tẹ̀, kí n dúró tì wọ́n, kí n kà á sókè níbẹ̀ kí n tó mú owó jáde.

Ìwé 60 àkọ́kọ́, n ò dáná sun ún. Pirámárì Fọ́ọ̀ àti Fáìfù ni mo pín in fún, kálukú pẹ̀lú bírò, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń fi àmì sí i. Wọ́n ti dé ojú ewé 11. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọkùnrin méjì ń bá ara wọn fà á lórí "baba gbe igba", ọ̀kan ní igbá ni, èkejì ní igbà ni torí bàbá tiẹ̀ ń gun ọ̀pẹ. Wọ́n ní kí n dá a. Èmi tí mo kọ ọ́, mo ní láti lọ ṣí fóònù mi wò kí n tó lè dá wọn lóhùn.