Kámẹ́rà wo ni wọ́n fi yà á? Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwa tó ń ya fọ́tò ní Ilé-Ifẹ̀

Ọmọkùnrin kan wọlé tọ̀ mí wá ní ṣọ́ọ̀bù ní Lágéré, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Fọ́tò ọmọbìnrin Afghanistan yẹn ló wà lójú rẹ̀, èyí tó fi aṣọ pupa borí, tí ẹyinjú rẹ̀ aláwọ̀ ewé ń wo èèyàn bí ẹni tó wá sin gbèsè. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kámẹ́rà wo ni wọ́n fi ya èyí?" Mo dá a lóhùn pé Nikon FM2 ni, lẹ́ǹsì 105mm, fíìmù Kodachrome, Steve McCurry ló yà á lọ́dún 1984, ní àgọ́ àwọn tó sá fógun nítòsí Peshawar ní Pakistan. Ó ní òun máa wá Nikon FM2 rà.

Mo rẹ́rìn-ín, kì í ṣe pé mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Fíìmù ni kámẹ́rà yẹn ń lò. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí lẹ́ǹsì rẹ̀ kí àwòrán tó mọ́, bátìrì inú rẹ̀ kò sì ṣe ju kó máa wọn ìmọ́lẹ̀ lọ. Kodak ti dáwọ́ ṣíṣe Kodachrome dúró láti 2009, àwọn tó ń fọ̀ ọ́ kẹ́yìn ní Amẹ́ríkà náà sì ti ṣíwọ́ ní ìparí 2010. Bí ó bá tilẹ̀ rí ẹyọ kan rà, ta ni yóò bá a fọ̀ ọ́?

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí fọ́tò kò bá dára, kámẹ́rà la kọ́kọ́ máa ń fẹ́ pààrọ̀, èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mo sì jẹ gbèsè lé e lórí. Ohun tó yẹ ká béèrè nípa fọ́tò tó bá gba ọkàn wa ni iṣẹ́ tí ayàwòrán ọ̀hún fẹ́ ṣe, ibi tó dúró sí, àti ìmọ́lẹ̀ tó bá níbẹ̀. Kámẹ́rà á wá tẹ̀ lé e.

Ẹ wo Ansel Adams, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà. Ní 1941, ó ń wakọ̀ bọ̀ nírọ̀lẹ́ ní New Mexico, ló bá rí òṣùpá lókè abúlé Hernandez, tí oòrùn tó ń wọ̀ sì ń tàn sára àwọn àgbélébùú ibojì. Àpótí ńlá ni kámẹ́rà rẹ̀, orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ń dúró, fíìmù ibẹ̀ sì fẹ̀ tó ínǹṣì 8 × 10. Ó wá ohun tó fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ títí, kò rí i, ló bá fi bí òṣùpá ṣe ń mọ́lẹ̀ tó, tó ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣe ìṣirò. Ẹyọ kan ló rí yà. Kó tó múra èkejì, ìmọ́lẹ̀ ti kúrò lára àwọn àgbélébùú.

Henri Cartier-Bresson, ayàwòrán ará Faransé, kò lè gbé irú àpótí yẹn kiri ìgboro Paris. Kámẹ́rà Leica kékeré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1932, nígbà tó ki ojú rẹ̀ bọ àlàfo ọgbà onípákó lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin Saint-Lazare, tó sì mú ọkùnrin tó ń fò lórí àgbàrá, nígbà tó ku díẹ̀ kí gìgísẹ̀ rẹ̀ kan omi. Bill Anders ní tirẹ̀ wà nínú Apollo 8, ọkọ̀ òfurufú tó lọ yí òṣùpá ká, lọ́jọ́ 24 oṣù Kejìlá 1968, nígbà tí ayé wa yìí yọ lẹ́yìn òṣùpá. Kámẹ́rà Hasselblad pẹ̀lú lẹ́ǹsì 250mm ló lò, ìkánjú ló sì fi ní kí wọ́n na fíìmù aláwọ̀ sí òun kó tó pẹ́ jù. Ẹ gbé àpótí Adams fún Cartier-Bresson, kí ẹ sì gbé Leica fún Adams, ó ṣeé ṣe ká má gbọ́ orúkọ fọ́tò kankan nínú méjèèjì.

Ní tiwa, ìnáwó, ìsìnkú, ìkómọ, ayẹyẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àti ọdún Ọlọ́jọ́ lèyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́. Inú họ́ọ̀lù tí iná rẹ̀ ń ṣe bàìbàì ni púpọ̀ rẹ̀. Kámẹ́rà àtijọ́ pẹ̀lú lẹ́ǹsì 50mm tó là dé f/1.8, tí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ń gbà wọlé, á ṣiṣẹ́ fún yín níbẹ̀ ju kámẹ́rà olówó gọbọi tó jẹ́ pé lẹ́ǹsì tó bá a wá nínú páálí nìkan ló ní.

Oòrùn Ẹnuwá kì í ṣe oòrùn London

Wákàtí ló ń ba fọ́tò jẹ́ jù nílùú yìí. Ilé-Ifẹ̀ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7.5 ní àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ọ̀sán ń dúró gangan sí àtàrí wa: ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tí Ọlọ́jọ́ bá fi máa dé, kò tíì yẹ̀ jìnnà. Ẹ yọ fóònù lẹ́nu ọ̀nà ààfin ní Ẹnuwá ní aago méjìlá, ẹ ya ọ̀rẹ́ yín. Iwájú orí á da òjìji sójú, ojú á dà bí ihò méjì, imú á máa dán bí ẹni tó fi òróró pa á. Tí obìnrin bá tún wé gèlè ńlá, ó parí.

Àwọn tó ń kọ́ni lórí YouTube láti Yúróòpù á ní kí ẹ dúró dìgbà tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀, pé ìmọ́lẹ̀ á rọ̀, á sì pọ́n. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé oòrùn tiwọn ń fi ẹ̀gbẹ́ wọ̀, ó ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Tiwa ń já bọ́ bí àgbọn. Ẹ kò lè rí ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ nínú rẹ̀, mo sì ti rí ọ̀gá kan tó ń tú ẹrù sílẹ̀ ní aago mẹ́fà kọjá, tí ìyá ìyàwó ṣì ń wá síkáàfù rẹ̀. Kí wọ́n tó tò tán, iná fíláàṣì ló kù. Ẹ ti tò wọ́n sílẹ̀ kí àkókò tó tó.

Tó bá jẹ́ ọ̀sán ni iṣẹ́ bọ́ sí, ẹ wá ìbòji: abẹ́ igi máńgòrò, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí gbangba. Seydou Keïta ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò rẹ̀ ní Bamako ní Mali ní 1948, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán nínú àgbàlá ló sì gbára lé jù. Aṣọ ìbora orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀kan ló sábà máa ń ya oníbàárà, torí fíìmù wọ́n. Lónìí, àwọn fọ́tò yẹn wà lára ògiri àwọn mùsíọ́ọ̀mù ńláńlá. Àwa tí a ń tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹgbẹ̀rún méjì fọ́tò la ń kó délé, a ò sì rí ogún tó ṣeé wò.

Kámẹ́rà kò mọ ojú bàbá yín

Kámẹ́rà kò mọ èèyàn yàtọ̀ sí ògiri. Èrò rẹ̀ ni pé ohunkóhun tó bá wà níwájú òun, tí a bá pò ó pọ̀, àwọ̀ eérú ló yẹ kó jẹ́. Ẹ to ẹbí ìyàwó tó wọ léèsì funfun síwájú rẹ̀, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù: léèsì á dà bí aṣọ tí wọn kò fọ̀, ojú àwọn ìyá á dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ wá gbé bàbá tó wọ agbádá ẹtù síwájú ògiri dúdú, á bu ìmọ́lẹ̀ kún un, ojú bàbá á wá funfun bí ẹni tó kun ẹfun.

Bọ́tìnnì kan wà lára kámẹ́rà tó ní àmì + àti −, ọ̀pọ̀ wa kò fọwọ́ kàn án rí. Tí funfun bá pọ̀, ẹ yí i sí +. Tí dúdú bá pọ̀, ẹ yí i sí −. Lẹ́yìn náà, ẹ fẹ fọ́tò lójú kámẹ́rà, kí ẹ wo ojú èèyàn, ẹ má wo aṣọ nìkan. Ẹ má sì yí i sí + títí léèsì á fi di ojú takadá, torí ibi tó bá ti funfun tán pátápátá, aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè wá iṣẹ́ ọnà ara léèsì yẹn padà.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ wa yìí ti pẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tí Kodak fi ń ran àwọn tó ń fọ fọ́tò lọ́wọ́ láti díwọ̀n àwọ̀, obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀. Shirley ni wọ́n ń pè é. Lára àwọn tó ráhùn tí wọ́n fi tún fíìmù ṣe ni àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi, torí ọjà wọn kò hàn dáadáa. Ẹ ò rí i pé ṣokoléètì ló bá wa jà.

Ìtòsí àti ọ̀nà jíjìn

Ẹ má gbé lẹ́ǹsì tó fẹ̀ sún mọ́ ojú ìyàwó. Ohun tó bá wà nítòsí jù ló máa ń tóbi jù, imú ló sì wà níwájú. Ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ lo lẹ́ǹsì 85mm tàbí èyí tó jù ú lọ; bí mm bá ṣe pọ̀ tó ni lẹ́ǹsì ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra tó. Tó bá jẹ́ fóònù, ẹ rìn sẹ́yìn, kí ẹ tẹ 2×. Lẹ́ǹsì 105mm tí McCurry lò kì í ṣe ọ̀rọ̀ oríire.

Ti ilé àti òkúta tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlejò á dúró sí ìdí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, tó ga tó mítà márùn-ún àti ààbọ̀, á gbójú fóònù sókè, òkúta á wá dà bí ohun tó fẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ilé ẹ̀ka Humanities tí ayàwòrán ilé Arieh Sharon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣètò bí wọ́n ṣe máa kọ́ ọ jẹ́ píràmídì tó dorí kodò: àjà òkè ń yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kó lè ṣíji bò ó lọ́wọ́ oòrùn àti òjò. Ẹ gbé kámẹ́rà sókè sí i láti ìdí, òkè á sún jọ, ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ kọ́ ọ báyẹn á sọnù. Àpótí Adams lè gbé lẹ́ǹsì rẹ̀ sókè láìgbé ojú fíìmù sókè, nítorí náà ni nǹkan fi ń dúró ṣánṣán nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Àwa tí kò ní irú rẹ̀, ẹsẹ̀ wa ni ká lò: ẹ rìn jìnnà, ẹ di kámẹ́rà mú kó dúró gbọọrọ, kí ẹ gé ilẹ̀ tó bá pọ̀ jù kúrò.

Gbogbo kámẹ́rà lọ́dọ̀ Ọọ̀ni, kò sí ọ̀kan lọ́dọ̀ èèyàn

Ní Ọlọ́jọ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tí Ọọ̀ni ń dé Adé Àáre, lẹ́yìn tí ó bá ti wọ ìpèbí fún ọjọ́ mélòó kan, kámẹ́rà àti fóònù máa ń pọ̀ ju orí èèyàn lọ. Gbogbo wa la ń na ọwọ́ sókè, gbogbo wa la ń ya adé kan náà láti ẹ̀yìn fóònù ẹlòmíràn. Ẹ lọ wo ohun tí wọ́n bá gbé jáde lọ́jọ́ kejì: bí ìbejì ni gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé Ọba George Kẹfà ládé ní London ní 1937, wọ́n rán Cartier-Bresson lọ yà á. Kò ya ọba rárá. Àwọn èrò tó dúró láti àárọ̀ ló yà: ẹni tó gun ògiri, ẹni tó ti sùn lọ sórí bébà. Ẹnuwá náà kún fún irú wọn. Ìyá àgbà tó fi ọwọ́ ṣíji bojú, ọmọ tó jókòó léjìká bàbá rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí òógùn ti fi aṣọ funfun mọ́ lára. Kò sẹ́ni tó kọjú sí wọn.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni kámẹ́rà wà fún. Àwọn ibi kan wà ní Òkè-Mògún, ojúbọ Ògún, tí ẹ ti gbọ́dọ̀ bi àwọn àgbààgbà kí ẹ tó gbé nǹkan sójú. Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹni tí wọ́n gba kámẹ́rà lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, kò ní rí alágbàwí.

Tòkunbọ̀, ọyẹ́ àti òjò

Mo ti ra lẹ́ǹsì tòkunbọ̀ kan tó ń dán bí ẹyin ojú. Òtútù ti hu olú sínú rẹ̀, bí okùn aláǹtakùn, n kò sì mọ̀ títí fọ́tò ìkómọ kan fi jáde bí ẹni tó yà á láti inú èéfín. Láti ọjọ́ náà, tọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń yẹ inú lẹ́ǹsì wò láti ìdí kí n tó na owó. Ẹ tún béèrè iye ìgbà tí kámẹ́rà ti yà. Ìwọ̀n 150,000 ni wọ́n dán ti Canon 5D Mark IV wò dé, 200,000 ni ti Nikon D850. Ara tuntun lásán kò sọ iye tó ti lọ nínú rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, ẹ má pààrọ̀ lẹ́ǹsì níta gbangba. Nígbà òjò, ẹ má tọ́jú u sínú àpò aláwọ: ọ̀rinrin ló ń fà mọ́ra. Ike tó ní ìdérí, pẹ̀lú àwọn páálí kékeré tó ń fa omi tí wọ́n ń fi sínú bàtà tuntun, ti tó.

Ọmọkùnrin tó fẹ́ ra FM2 padà wá lẹ́yìn Ọlọ́jọ́. Kò ra nǹkan kan. Fóònù rẹ̀ náà ló lò, ó sì ya ọwọ́ ìyá arúgbó kan tó fi síwájú orí láti fi ríran, òjìji ìka rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì bọ́ sójú rẹ̀ bí ilà. Mo wò ó pẹ́. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ínǹṣì 16 × 20, òun fẹ́ gbé e fún ìyá náà. Mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà: WhatsApp ló fi fi í ránṣẹ́ sí mi, ó sì ti fún un pọ̀ láti 4000 × 3000 píksẹ́lì dé 1600 × 1200. Mo ní kó padà lọ mú fóònù ọ̀hún wá.