Ìrìn ọjọ́ mẹ́rin lórí òkè: ètò tó yẹ kí ẹ ti parí kí ẹ tó gbé báàgì kọ́

Kìlómítà ló máa ń tan àwọn tó fẹ́ rìn lórí òkè jẹ. Èèyàn á wo máàpù, á rí kìlómítà 18, á ní kí ni ìyẹn jẹ́. Lórí títì, lóòótọ́, kò jẹ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀nà ti ń gòkè tó tún ń sọ̀ kalẹ̀, tí oúnjẹ ọjọ́ mẹ́rin wà lẹ́yìn yín, tí kò sí mọ́tò tàbí ilé kankan nítòsí, wákàtí la fi ń wọn ọ̀nà. Orí tábìlì ni ètò ti ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú máàpù, pẹ́ńsùlù àti bébà.

Ẹ ṣírò wákàtí kí ẹ tó yan ibi tí ẹ máa sùn

Ẹ wá máàpù tó fi gíga ilẹ̀ hàn, ìwọ̀n 1:25,000 tàbí 1:50,000 (sẹ̀ǹtímítà kan lórí rẹ̀ jẹ́ mítà 250 tàbí 500 lórí ilẹ̀). Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí òkè po lórí rẹ̀, gíga kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró fún. Níbi tí wọ́n bá ti fún mọ́ra, òkè ibẹ̀ dúró gangan. Ẹ wo etí máàpù kí ẹ lè mọ̀ bóyá mítà 10 ló wà láàárín ìlà kan sí èkejì ni tàbí 20, torí òun lẹ máa fi ka iye mítà tí ẹ máa gùn lójúmọ́.

Òfin tí William Naismith, ọmọ Scotland, gbé kalẹ̀ ní 1892 la ṣì ń lò títí dòní: wákàtí kan fún kìlómítà 5, kí a sì fi wákàtí kan kún un fún gbogbo mítà 600 tí a bá gùn. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ẹrù rẹ̀ sì fúyẹ́, ni òfin yìí bá mu. Pẹ̀lú báàgì ọlọ́jọ́ púpọ̀, ẹ fi kìlómítà 4 ṣírò wákàtí kan. Níbi tí kò sí ojú ọ̀nà, tí òkúta ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹ fi 2 ṣírò ó. Ìsọ̀kalẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Tí ibẹ̀ bá dúró gangan, ẹ fi ìṣẹ́jú 10 kún un fún mítà 300 kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ kan: kìlómítà 14, ìgòkè mítà 1,100, ìsọ̀kalẹ̀ tó le mítà 600. Kìlómítà 14 á gba wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀. Ìgòkè á fi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 50 kún un, ìsọ̀kalẹ̀ á fi ìṣẹ́jú 20 lé e. Ó ti di wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 40. Ẹ wá fi ìsinmi ìṣẹ́jú 10 sí wákàtí kọ̀ọ̀kan, ó ti lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀. Ẹni tó bá gbéra ní aago méje àárọ̀ á dé ibùdó láàárín aago kan ààbọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Ọjọ́ tó dáa nìyẹn, torí àyè ṣì wà fún ẹsẹ̀ tó bó, odò tó kún, tàbí ọ̀nà tí a ṣì. Ọjọ́ tí ìṣírò rẹ̀ bá kọjá wákàtí mẹ́jọ, ẹ pín in sí méjì.

Ọjọ́ kìíní ni kó kúrú jù, torí ọjọ́ yẹn ni báàgì wúwo jù. Òdìkejì lọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe: wọ́n á kó ọ̀nà tó gùn jù sí ọjọ́ kìíní nítorí pé ara wọn ṣì le, orúnkún á sì gbẹ̀san lọ́jọ́ kejì.

Ẹ tún kọ ohun méjì sí abẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Èkíní ni ọ̀nà àbáyọ: ibo lẹ lè gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí títì tàbí abúlé tí nǹkan bá ṣe ẹnì kan, wákàtí mélòó sì ni. Èkejì ni aago ìpadà. Tí ẹ ò bá tíì dé orí òkè tí ẹ ń lọ nígbà tí aago yẹn bá lù, ẹ yíjú padà, ì báà ku ìṣẹ́jú 20 péré. Ilé ni kí ẹ ti fẹnu kò lórí aago yìí, nítorí tí àárẹ̀ bá ti mú èèyàn lókè, ìrònú rẹ̀ kì í já gaara mọ́.

Bí ọ̀nà yín bá máa kọjá mítà 2,500, gíga fúnra rẹ̀ di ọ̀ràn, torí ó lè mú èèyàn ṣàìsàn. Láti mítà 3,000 lọ sókè, kí ibi tí ẹ máa sùn má fi ju mítà 500 lọ ga ju ti àná, kí ẹ sì sinmi fún ọjọ́ kan lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ibi tí ẹ sùn la ń kà. Ẹ lè gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sàn-án kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ wá sùn. Tí orí bá ń fọ́ ẹnì kan, tí èébì, òòyì tàbí àárẹ̀ tí kò nídìí sì tẹ̀ lé e, kó má gòkè mọ́ títí ara rẹ̀ á fi yá. Ẹni tó bá ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, tàbí tó ń mí gúlegúle bó tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ mú un sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Omi

Lórí máàpù, ìlà búlúù tí kò já sábà máa ń jẹ́ odò tí kì í gbẹ. Èyí tó ń já lójú ọ̀nà lè ti gbẹ nígbà tí ẹ bá débẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsùlù yí gbogbo ibi tí omi wà po, kí ẹ wọn ìjìnnà wọn síra. Níbi tí ọ̀nà bá ti gba ìténté òkè lọ gbọọrọ, ẹ kà á sí pé kò sí omi. Ìdajì lítà fún wákàtí ìrìn kan ni ìpìlẹ̀, ó sì ń pọ̀ sí i tí oòrùn bá mú. Tí ibùdó kò bá sí létí omi, ẹnì kọ̀ọ̀kan á tún gbé lítà 2 sí 3 fún oúnjẹ alẹ́ àti ti àárọ̀. Kílò kan ni lítà kan, ìdí nìyẹn tí ibùdó tó wà nítòsí odò fi sàn ju èyí tí ojú ń wò tó rẹwà.

Omi òkè lè mọ́ lójú kí kòkòrò kún inú rẹ̀, pàápàá níbi tí ẹran ti ń jẹ̀. Àsẹ́ omi tí ihò rẹ̀ jẹ́ 0.1 micron (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà) ń dá bakitéríà àti kòkòrò bíi Giardia dúró; fáírọ́ọ̀sì ń gbà á kọjá. Òtútù ni ọ̀tá rẹ̀. Tí omi bá dì nínú rẹ̀, àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ á sán, ojú ò sì ní rí i: omi á ṣì máa jáde bó ṣe ń jáde tẹ́lẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ nǹkan kan mọ́. Lálẹ́ tí òtútù bá mú, inú àpò tí ẹ ń sùn sí ni kó sùn. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa sè é ni, kó hó gidi fún ìṣẹ́jú kan. Lókè mítà 2,000, ìṣẹ́jú mẹ́ta, nítorí pé bí ibi ṣe ń ga ni omi ń tètè hó láìtíì gbóná tó. Ní mítà 3,000, nǹkan bíi 90 °C ló ti ń hó.

Oúnjẹ, gáàsì àti ìwọ̀n ẹrù

Gíráàmù 700 sí 800 oúnjẹ gbígbẹ ló ń tó ẹnì kan lójúmọ́, bó bá jẹ́ oúnjẹ tó lágbára. Òróró ní nǹkan bíi kálórì 9 nínú gíráàmù kan, ìrẹsì gbígbẹ kò tó ìdajì rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀pà, ṣokoléètì àti ìgò òróró kékeré fi yẹ nínú báàgì ju agolo lọ, nítorí pé omi ló pọ̀ jù nínú agolo. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ kúrò nínú páálí, kí ẹ di ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú láílọ́ọ̀nù tirẹ̀, kí ẹ sì fi ti ọjọ́ kan kún un tí ẹ ò ní fọwọ́ kàn àfi tí ọ̀nà bá dí.

Ẹ fojú bù ú pé lítà omi kan á jẹ gáàsì gíráàmù 15 kó tó hó. Ẹni méjì tó ń se lítà 3 lójúmọ́ á lo gíráàmù 45. Ọjọ́ mẹ́rin jẹ́ 180, agolo gíráàmù 230 kan á tó. Ìṣírò yìí kò sí mọ́ tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ iná, torí náà ẹ wá ẹ̀yìn àpáta kí ẹ tó tan án. Ẹ sì yẹ ara agolo wò: gáàsì butane nìkan kì í jáde mọ́ tí òtútù bá ti débi tí omi ń dì, èyí tí wọ́n po propane àti isobutane mọ́ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ má dáná nínú àgọ́ tí ẹ tì pa. Èéfín tí kò lóòórùn tó ń jáde lára iná yẹn ń pa èèyàn lójú oorun.

Tí ẹ bá ti di gbogbo rẹ̀ tán, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n, pẹ̀lú omi nínú. Kó má ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara yín lọ. Tó bá ti kọjá ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ tú u kí ẹ yọ nǹkan kúrò. Ohun tó wúwo ni kó sún mọ́ ẹ̀yìn yín, ní àárín. Àpò oorun á wà nísàlẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì òjò á wà lókè pátápátá. Ẹ fi láílọ́ọ̀nù ńlá tó nípọn tẹ́ inú báàgì kí ẹ tó kó ẹrù sí i, torí ìbòrí tí wọ́n ń fi sí ìta kì í dá òjò tó ń fi atẹ́gùn rọ̀ dúró.

Òtútù òru

Bí a bá ṣe ń gun mítà 1,000, òtútù ń fi nǹkan bíi 6.5 °C le sí i. Tí wọ́n bá ní òru máa jẹ́ 14 °C nílùú tó wà ní mítà 600, tí ibùdó yín sì wà ní mítà 2,600, nǹkan bíi 1 °C ni kí ẹ múra sílẹ̀ fún, láìtíì ka atẹ́gùn. Lára àpò oorun, ìwọ̀n òtútù tí wọ́n pè ní comfort, èyí tí èèyàn ṣì lè sùn dáadáa nínú rẹ̀, ni kí ẹ wò. Èyí tí wọ́n pè ní limit, bí ẹ á ṣe ká jọ tí ẹ á sì máa retí ilẹ̀ mímọ́ nìyẹn. Ibùsùn abẹ́ yín náà ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, nítorí ilẹ̀ ni òtútù ti ń fa ooru ara lọ. R-value ni iye tó ń sọ bí ibùsùn ṣe ń dá òtútù ilẹ̀ dúró tó; 4 ló dáa fún òru tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ dì. Ẹ má pàgọ́ sí ìsàlẹ̀ àfonífojì, òtútù máa ń ṣàn lọ síbẹ̀ lóru, ẹ má sì pa á sínú ipa odò gbígbẹ tàbí sábẹ́ igi tó ti kú.

Aṣọ òwú ń mu omi, kì í sì tètè gbẹ, kò sì ní ooru nígbà tó bá tutù. Wúùlù tàbí pọliẹ́sítà ni kó kan ara. Ẹ ya aṣọ kan sọ́tọ̀ fún sísùn, tí ẹ ò ní wọ̀ rìn, bó ti wù kí tọ̀sán tutù tó. Ní ti ẹsẹ̀, kí ẹ ti fi bàtà tí ẹ máa wọ̀ rìn pẹ̀lú ẹrù tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ibì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín nínú ìbọ̀sẹ̀, ẹ dúró ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, ẹ bọ́ ọ, ẹ nu ún gbẹ, ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn. Tó bá fi lé ròrò, ó ti pẹ́ jù.

Àrá àti odò

Lórí òkè púpọ̀, ọ̀sán ni àrá máa ń sán nígbà ooru, nítorí náà kí ẹ ti kúrò lórí ìténté kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá láàárín mànàmáná àti ìró rẹ̀. Mẹ́ta jẹ́ kìlómítà kan. Tó bá ti wọ 30 wálẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Odò tó ń ti ara yìnyín tó ń yọ́ wá máa ń kéré jù láàárọ̀ kùtù, ó sì ń kún tí oòrùn bá ti mú. Kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ tú ìgbànú báàgì àti ti àyà, kí ẹ lè bọ́ ọ dànù bí ẹ bá ṣubú. Omi tó bá ń sáré tó sì ju orúnkún lọ, ẹ má wọ̀ ọ́.

Bébà tí ẹ máa fi sílẹ̀

Ẹ béèrè ìwé àṣẹ, àti bóyá wọ́n gbà kí èèyàn dáná tàbí pàgọ́, lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó òkè náà. Wọ́n á tún sọ bóyá ẹranko wà níbẹ̀ tí oúnjẹ fi gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí líle. Ihò ìgbẹ́ á jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ó kéré tán mítà 60 sí omi.

Fóònù kì í sábà ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì lókè, òtútù sì ń fa bátìrì rẹ̀ gbẹ. Ẹ̀rọ tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ ló ṣeé gbọ́kàn lé, pẹ̀lú máàpù bébà àti kọ́ńpáàsì. Bí kò bá sí, fèrè tàbí tọ́ọ̀ṣì lẹ máa fi pe ìrànlọ́wọ́: ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tún ṣe é. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ẹ kọ ọ̀nà yín, ibùdó alẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà àbáyọ, iye yín, àwọ̀ àgọ́ àti jákẹ́ẹ̀tì, àti nọ́ńbà mọ́tò tí ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ fún ẹnì kan tí kì í gbàgbé nǹkan. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí ẹni náà gbọ́dọ̀ pe àwọn adóòlà sí i, kí ẹ sì fi wákàtí díẹ̀ sí àárín rẹ̀ àti aago tí ẹ retí láti jáde. Ní kété tí fóònù yín bá ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ pe onítọ̀hún kí ẹ tó wá oúnjẹ tàbí omi ìwẹ̀, kí àwọn adóòlà má bàa gòkè lóru láti wá ẹni tó ti wà nílé oúnjẹ.