Àmọ̀ràn fún òbí tó fẹ́ kó ọmọ wẹ́wẹ́ lọ sí mùsíọ́ọ̀mù

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ń gbèrò láti kó àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lọ wo mùsíọ́ọ̀mù láàárín ìlú, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí mùsíọ́ọ̀mù tí ẹ máa wò ju méjì lọ lóòjọ́. Èyí tí ẹ kà sí pàtàkì jù ni kí ẹ fi àárọ̀ wò, nígbà tí ara ọmọ ṣì le, tí èrò kò sì tíì pọ̀. Ọ̀pọ̀ mùsíọ́ọ̀mù ni kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé.

Ohun tó dára jù lójú tèmi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ yà sí ìsọ̀ tó wà nínú ọgbà wọn, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ mú káàdì méjì tàbí mẹ́ta tó ní àwòrán ohun tó wà níbẹ̀, kí ó sì máa wá ohun náà láti yàrá dé yàrá. Bí ó bá rí ère tí ó ń wá, ẹ jẹ́ kí ó jókòó tì í, kí ó ka ìka ọwọ́ ère náà, kí ó wo ibi tó ti sán, kí ó sì yà á sínú ìwé. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fún un, kì í ṣe báírò, torí ọ̀pọ̀ mùsíọ́ọ̀mù kì í fẹ́ yíǹkì nítòsí ohun àtijọ́.

Bí ọmọ bá ti ń wọ́ ẹsẹ̀, ẹ jáde, kódà bí yàrá bá kù.