Wáyà Tí Kì Í Béèrè Ẹni Tó Ń Sọ̀rọ̀: Ọjọ́ Mẹ́ta Mi Pẹ̀lú Àwọn Mẹkáníìkì Kàbà

Alága àwọn mẹkáníìkì ní Kàbà ló pè mí ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Bó ti sọ "Okun o" tán, kò tilẹ̀ béèrè àwọn ọmọ kó tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Wọ́n ti gbé ọkọ̀ oníbàárà wọn kan lọ níwájú ilé rẹ̀. Wọn ò fọ́ gíláàsì, wọn ò já ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sì wà lórí tábìlì nínú pálọ̀. Ọmọ tó bá a ṣe kọ́kọ́rọ́ kejì ní oṣù tó ṣáájú ni gbogbo ojú wá ń wò.

"Ọmọ yẹn kì í ṣe olè," alága wí, "ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ṣàlàyé fún wọn bí ọkọ̀ ṣe ń lọ láìsí kọ́kọ́rọ́. Ìwọ tó ń tún bíréènì ọkọ̀ ṣe l'Ábújá, wá là wá lóye."

Ọmọ Ìyàrá ni mí, mo ti pẹ́ nídìí bíréènì ọkọ̀, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké tó ń darí rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ohun tó ń bẹ̀ mí fún ju ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kan lọ. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo kó láàpútọ́ọ̀pù àlòkù méjì, mítà mẹ́ta, àti ojú ewé méjìdínláàádọ́ta tí mo fẹ́ máa fi hàn wọ́n lára ògiri. Ojú ewé yẹn ni mo fi gbogbo òru ọ̀sẹ̀ kejì ṣe. Ìyàwó mi ní kí n rọra, mi ò gbọ́.

Abẹ́ àtíbàbà alága la ti ṣe é, lẹ́bàá ọ̀nà Ọbájànà, níbi tí trélà símẹ́ńtì ti ń kọjá. Bí ọ̀kan bá ti ń bọ̀, gbogbo wa á dákẹ́ títí yóò fi lọ. Àwa mọ́kànlá la jókòó, yàtọ̀ sí èmi: mẹkáníìkì mẹ́fà, ríwáyà mẹ́ta, ọmọ oníkọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń fura sí, àti ìyá kan tó ń ta páàtì tòkunbọ̀. Àwọn kan ti Mọ̀pà wá, ẹnì kan ti Ìsánlú.

Mo bẹ̀rẹ̀ níbi tí mi ò bá má ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń ka ISO/SAE 21434 fún wọn, ìlànà tó jáde ní 2021, tó sọ bí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ máa ro ti ààbò láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti ń ya àwòrán rẹ̀ títí di ọjọ́ tó bá di irin àlòkù. Kò tó ogún ìṣẹ́jú, àwọn kan ti ń tẹ fóònù, ẹnì kan ti dìde lọ dá oníbàárà lóhùn. Bàbá ríwáyà tó dàgbà jù láàárín wọn ló gbà mí sílẹ̀.

"Tíṣà," ó ní, "ìwé yìí dára. Wáyà wo ló gbà kọjá?"

Mo pa láàpútọ́ọ̀pù dé, mo ní kí wọ́n ṣí bónẹ́ẹ̀tì.

Láyé ọjọ́un, bí suwíìṣì bá fẹ́ tan iná, wáyà tirẹ̀ ni yóò gbà lọ. Bí nǹkan ṣe ń pọ̀ nínú ọkọ̀ ni wáyà ń di igbó. Ilé iṣẹ́ Bosch ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ohun tí wọ́n pè ní CAN ní 1983, wọ́n sì fi han aráyé ní 1986: wáyà méjì péré tí wọ́n lọ́ mọ́ra, tí bíréènì ẹ́ńjìnnì, ti bíréèkì, ti ilẹ̀kùn àti ti dáṣíbọ́ọ̀dù jọ so mọ́. Ohun tí ọ̀kan bá sọ, gbogbo wọn ló gbọ́. Àwọn ríwáyà mọ wáyà méjì yìí bí ẹni mọ ọmọ ìyá rẹ̀. Ohun tí wọn ò tíì bi ara wọn ni bí àwọn bíréènì yìí ṣe ń mọ ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Mo bi wọ́n pé, bí ọba bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ìlú, kí ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n ní wọ́n á lu agogo. Mo ní bí ẹlòmíì bá wá jí agogo náà lóru, tó lù ú yí ìlú ká, tó ní ọba ní kẹ́nikẹ́ni má lọ sóko lọ́la ńkọ́?

"A ò ní lọ," ni Bàbá wí. "Agogo la gbọ́. A ò rí ẹni tó lù ú."

Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ẹ̀kọ́ mi wà. Ọ̀rọ̀ tó ń kọjá lórí CAN, bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ ṣe é, ní nọ́ńbà tó ń sọ ohun tó dá lé, ó sì lè gbé báìtì mẹ́jọ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí orúkọ ẹni tó sọ ọ́, kò sí òǹtẹ̀. Bí méjì bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù ni àgbà, èkejì á dákẹ́ fún un. Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan nígbà náà, nítorí kò sẹ́ni tó rò pé àlejò lè wọ àárín wọn.

Lẹ́yìn èyí la mú mítà. Ihò oníhò mẹ́rìndínlógún tó wà lábẹ́ sìtíárìn, níbi tí mẹkáníìkì ń ki síkáànù bọ̀ láti ka àìsàn ọkọ̀, tí Amẹ́ríkà sọ di dandan fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun láti 1996, la lò. A já orí bátìrì, a dúró díẹ̀ kí àwọn bíréènì sùn, a fi ọwọ́ mítà kan sí ihò 6, èkejì sí ihò 14. Rẹsítọ̀ óòmù 120, ohun kékeré tó ń dín agbára iná kù, wà ní orí wáyà níhìn-ín, òmíràn wà lọ́hùn-ún; ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà, 120 wá pín sí méjì, méjèèjì jọ ń fún wa ní 60. Lára Corolla alága, mítà kà á sí 60 geere. Ọkọ̀ kejì, 60. A dé ara ẹ̀kẹta, tí wọ́n gbé wá ṣe bíréèkì, ó ní 40.

Mo rò pé bátìrì mítà ló ti rẹ̀. Mo ń wá òmíràn nínú àpò nígbà tí Bàbá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

"120 mẹ́ta nìyẹn. Ẹnì kẹta ti bá wọn jókòó."

Kò gbé bírò, kò tẹ fóònù. Ká tó wí, wọ́n ti tú abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Àpótí dúdú kékeré kan wà níbẹ̀, tí wọ́n fi tépù wé, wáyà rẹ̀ méjì ni wọ́n bó tí wọ́n sì lọ́ mọ́ ti ọkọ̀, ojú ibi tí wọ́n ń ti ṣíìmù bọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá ti na pílíásì sí i. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní olè ló fi í síbẹ̀, kí a gé e dànù. Mo ní ó lè jẹ́ báǹkì tó yá a lówó ló fi í síbẹ̀, ó lè jẹ́ ẹni tó ni ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Kódà kì í ṣe gbogbo 40 ni àlejò burúkú. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí, torí èmi náà ló ní kí wọ́n ki mítà bọ ọkọ̀ onílé láìtọrọ àyè. Bíréèkì ni ọkùnrin yẹn ní kí wọ́n bá òun wò. A pè é, ó gun ọ̀kadà dé, mo bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wọn. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ra ọkọ̀ náà ní tòkunbọ̀ l'Ékòó, òun ò mọ̀ pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó ní kí a yọ ọ́. A yọ ọ́, mítà padà sí 60, ó sì gbé àpótí náà sínú láílọ́ọ̀nù dúdú, ó lọ.

Òjò ló fi ọjọ́ kejì ṣe tirẹ̀. A tan jẹnẹrétọ̀, mo gbé ICSim jáde, ètò kọ̀ǹpútà kan. Ọ̀fẹ́ ni, orí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux ló ń ṣiṣẹ́: ó ń ya dáṣíbọ́ọ̀dù ayédèrú sójú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ilẹ̀kùn mẹ́rin, iná yíyà àti ìwọ̀n eré, èèyàn á sì lè fi í kọ́ṣẹ́ láìba ọkọ̀ ẹnikẹ́ni jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ yìí láìní owó púpọ̀, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó má ṣe bíi tèmi tó gbé ìwé ṣáájú.

Ọmọ oníkọ́kọ́rọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ yá jù. Ó ń tẹ bọ́tìnnì ilẹ̀kùn, ó ń wo bí nọ́ńbà ṣe ń yí padà, títí ó fi rí i pé gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, ọ̀rọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 19B ló ń yí. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí lójú kan náà. Kò rẹ́rìn-ín. "Kò tilẹ̀ béèrè ẹni tí mo jẹ́," ló sọ.

Ìgbà yẹn ni mo wá sọ ìtàn tó yẹ fún wọn. Ní 2015, Charlie Miller àti Chris Valasek jókòó sílé, wọ́n gba inú ràdíò Jeep Cherokee kan wọlé láti orí nẹ́tíwọọ̀kì fóònù, wọ́n sì já jíà rẹ̀ lórí títì márosẹ̀ ní St. Louis, akọ̀ròyìn kan ló ń wà á, ó sì mọ̀ sí i. Wọ́n pe ọkọ̀ tó tó mílíọ̀nù 1.4 padà fún àtúnṣe. Ní 2022, àwọn olè yọ bọ́m̀pà Toyota RAV4 onímọ̀ ààbò ọkọ̀ kan, Ian Tabor, ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n gba wáyà iná iwájú wọ CAN, wọ́n gbé ọkọ̀ lọ. Ara onímọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí, torí náà ó tọpinpin rẹ̀ títí tó fi yé gbogbo ayé.

Ọ̀nà mìíràn rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún ọkọ̀ tí kì í fi kọ́kọ́rọ́ yí. Ẹnì kan á gbé ẹ̀rọ dúró lẹ́bàá ògiri ilé, èkejì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọ́n á máa gbé ohùn kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú pálọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀. Ọkọ̀ á rò pé olúwa òun ti dé.

Gbogbo wọn wo alága. Alága wò mí. Ó fẹ́ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé ọkọ̀ oníbàárà wọn. Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀, mi ò rí ọkọ̀ náà. Mo ní ohun tí mo lè búra sí ni pé ọ̀nà wà tí kò kan ẹni tó ṣe kọ́kọ́rọ́. Ìyá onípáàtì ló tú wa sílẹ̀: ó béèrè bóyá agolo lè dí ohùn náà mọ́lẹ̀. A wá agolo Bournvita, a ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ẹnì kan tí irú rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ sí i, a dé e pa. Ọkọ̀ kọ̀, kò ṣí. A gbé ìdérí kúrò díẹ̀, ó ṣí. Kí oníkálukú dán agolo tirẹ̀ wò kó tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ọjọ́ kẹta, ara wa la yí ojú sí, kò sì dùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ síkáànù olówó pọ́ọ́kú tí gbogbo wọn ń lò, 1234 ni nọ́ńbà àṣírí Bluetooth ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn kan ń fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ oníbàárà mọ́jú. Àwọn kan ń lo sọ́fítíwíà tí wọ́n jí gbà, lórí láàpútọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń gba owó. Ràdíò tòkunbọ̀ tí ìyá ń tà, a tan ọ̀kan, orúkọ àti nọ́ńbà àwọn èèyàn ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, láti ìlú tí a ò mọ̀. Ìyá fọwọ́ bo ojú rẹ̀ bí ẹni pé ó yọjú wọ yàrá ẹlòmíì. Ó ní òun á máa pa á rẹ́ kí òun tó tà á. Mo tún rán wọn létí pé òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti 2015 kò yọ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ sílẹ̀: ẹ̀rọ tí olúwa rẹ̀ kò fún ọ láyè, má wọ inú rẹ̀.

Ìwé méjìdínláàádọ́ta mi, ojú ewé kan péré ló padà wúlò. Òfin R155 lórí ààbò kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ti UNECE, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè tó ń rí sí ọrọ̀ ajé Yúróòpù, tí Yúróòpù fi lé gbogbo ọkọ̀ tuntun lórí láti oṣù keje 2024, ń mú kí ilé iṣẹ́ máa ti ọ̀nà ihò síkáànù pa fún ẹni tí kò ní àṣẹ. Àwọn ọkọ̀ yẹn ni yóò di tòkunbọ̀ wa lọ́la. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá ní àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí. Èyí ló jẹ́ kí ọmọ oníkọ́kọ́rọ́ ra ìwé àkọsílẹ̀ ńlá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó fi rúlà fa ìlà sí i: orúkọ, nọ́ńbà ọkọ̀, iye kọ́kọ́rọ́ tó bá nínú bíréènì, iye tó fi sílẹ̀, ìbuwọ́lùwé oníbàárà.

Mo ti padà s'Ábújá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí fóònù mi dún lálẹ́. Bàbá ríwáyà ni.

"Tíṣà, 40 ni mo rí o."

Mo bi í bóyá ó ti tú dáṣíbọ́ọ̀dù.

"Rárá. Mo ti ní kí ọlọ́kọ̀ máa bọ̀. Lórí àga ni mo jókòó sí, mò ń dúró dè é."