Bí a ṣe lè gun kẹ̀kẹ́ gba etí kánáàlì àti inú igbó ilẹ̀ Faransé láìbá ọkọ̀ pàdé

Ẹni tí ó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ní ìgbèríko Faransé láìgbọ́ ìró ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, kánáàlì, ìyẹn odò tí ènìyàn gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi, ni kí ó kọ́kọ́ wá lórí máàpù, kí ó tó wá igbó. Omi kì í gun òkè. Nítorí náà, àwọn tí wọ́n gbẹ́ kánáàlì ilẹ̀ náà tọ ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, ibi tí wọn kò bá sì ti lè yẹra fún òkè, wọ́n kọ́ ilẹ̀kùn omi tí àwọn ará Faransé ń pè ní écluse, èyí tí ń gbé ọkọ̀ ojú omi láti ipele kan sí èkejì. Ọ̀nà tí ẹṣin àti ènìyàn máa ń tọ̀ láyé àtijọ́ bí wọ́n ti ń fi okùn fa ọkọ̀ wà lẹ́bàá omi náà síbẹ̀. Chemin de halage ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni ẹ ó máa gùn. Bí ẹ bá ti ní ọ̀nà omi lọ́wọ́, ẹ lè máa yà kúrò nínú rẹ̀ wọ igbó bí ó bá ti wù yín, nítorí ibi tí ẹ ó padà sí kò ní sọnù.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ méjì tí àwọn ìwé ìrìn àjò máa ń pa pọ̀. Voie verte ni ọ̀nà tí òfin ìrìnnà Faransé ti yà sọ́tọ̀ láti ọdún 2004 fún ẹlẹ́sẹ̀, ẹlẹ́ṣin àti ohun ìrìnnà tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Véloroute ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀nà jíjìn tí a fi àmì sí fún oníkẹ̀kẹ́. Ó lè gba voie verte kọjá, ó sì lè gba títì abúlé tí ọkọ̀ ń rìn. Ẹni tí kò bá fẹ́ rí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ yẹ ọ̀nà rẹ̀ wò ní abala kọ̀ọ̀kan lórí máàpù IGN, tí àjọ máàpù ìjọba Faransé ń ṣe, tàbí OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí orúkọ tí ó dára lórí ìwé pẹlẹbẹ kò dá ọkọ̀ dúró. Voie verte pàápàá máa ń dábùú títì, àwọn ọlọ́kọ̀ sì ni ó sábà máa ń ní ẹ̀tọ́ láti kọjá ṣáájú níbẹ̀.

Bí ẹ bá ní kí n mú ọ̀nà kan ṣoṣo fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ti Canal de Nantes à Brest ní Bretagne, ẹkùn kan ní ìwọ̀-oòrùn Faransé, ni n óò mú. Napoléon ni ó pàṣẹ iṣẹ́ náà ní ọdún 1811, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dí ojú òkun mọ́ àwọn èbúté rẹ̀, tí ó sì di dandan kí ẹrù máa gba inú ilẹ̀ dé èbúté Brest. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 360, ilẹ̀kùn omi rẹ̀ sì lé ní 230. Ní Glomel, níbi tí òkè ti ga jù, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n fi gbẹ́ kòtò ńlá tí omi gbà kọjá, ẹ ó sì rí bí ó ti jìn tó bí ẹ bá ń gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ó wà lórí apá tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀nà náà, èyí tí ó bá kẹ̀kẹ́ gravel, kẹ̀kẹ́ tí a ṣe fún ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, mu dáadáa.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìhà ìwọ̀-oòrùn, ẹ sì máa lọ sí ìhà ìlà-oòrùn. Láti ojú òkun Atlantic ni afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń fẹ́ wá sí Bretagne, kì í sì í ṣe ohun kékeré pé kí afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn ènìyàn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, níbi tí kò ti sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹsẹ̀ lè fi sinmi. Ọkọ̀ ojú irin ń dé Carhaix láti Guingamp, ẹ sì lè sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ gba Gouarec, Pontivy, Josselin tí ilé olódi rẹ̀ dúró lókè odò Oust, Malestroit, àti Redon lọ sí Nantes. Láàárín Carhaix àti Redon, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ọkọ̀ ojú irin. Bí kẹ̀kẹ́ bá bàjẹ́ níbẹ̀, ọwọ́ ara yín ni ẹ ó fi tún un ṣe.

Adágún Guerlédan ni ibi tí ẹni tí ó bá fẹ́ igbó yóò ti yà. Ìdènà omi tí wọ́n ṣí ní ọdún 1930 ni ó bo kánáàlì náà mọ́lẹ̀ níbẹ̀, tí ó sì gé e sí méjì, nítorí náà ọ̀nà kẹ̀kẹ́ fi omi sílẹ̀, ó sì tọ ojú irin àtijọ́ kọjá ní ìhà àríwá adágún náà. Ọ̀nà yẹn rọrùn. Ṣùgbọ́n ní ìhà gúúsù ni igbó Quénécan wà, tí igi rẹ̀ pọ̀, tí òkè rẹ̀ kò ga púpọ̀ ṣùgbọ́n tí ó dàgẹ̀rẹ̀ gidigidi, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì ti gbóná lè lo odindi ọjọ́ kan níbẹ̀, kí ó padà sí ọ̀nà omi ní ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ àtijọ́ ní Bon-Repos.

Fún ẹni tí ó bá sún mọ́ Paris, igbó Orléans dára. Òun ni igbó ìjọba tí ó tóbi jù lọ nínú ilẹ̀ Faransé ní Yúróòpù, ó tó nǹkan bí hẹ́kítà 35,000, Canal d'Orléans sì wà nítòsí láti tọ̀ padà. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ọ̀nà inú igbó sì gùn tààrà débi pé ó lè sú ènìyàn. Ẹyẹ idì apẹja tí ó ti ń pa ọmọ síbẹ̀ láti àwọn ọdún 1980 ni èmi fi ń tu àwọn tí wọ́n bá ráhùn nínú. Canal du Nivernais, tí ó gùn tó kìlómítà 174 láti Auxerre dé Decize, lẹ́wà jù ú lọ. Igi ìdáná tí wọ́n ń kó láti agbègbè olókè Morvan lọ sí Paris ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbẹ́ ẹ. Ní ti Canal du Midi, tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, ọ̀dà wà lórí ọ̀nà rẹ̀ láti Toulouse títí dé nǹkan bí kìlómítà 50, lẹ́yìn ìyẹn ni gbòǹgbò igi bẹ̀rẹ̀ sí í gbo ènìyàn jìgìjìgì.

Ní ti kẹ̀kẹ́, táyà ni ọ̀rọ̀ wà. Èyí tí ó fẹ̀ tó mílímítà 40 tàbí 45 ni ó yẹ fún ọ̀nà tí òkúta wẹ́wẹ́ àti ẹrẹ̀ ti ń pààrọ̀ ara wọn. Táyà tí kò ní túùbù dára jù nítorí ẹ̀gún tí àwọn àgbẹ̀ bá gé láti ara ọgbà wọn máa ń wà lójú ọ̀nà, oje tí ó wà nínú táyà bẹ́ẹ̀ yóò sì dí ihò rẹ̀ kí ẹ tó mọ̀. Síbẹ̀, ẹ mú túùbù kan dání. Ẹ má ṣe fẹ́ táyà le. Fún ẹni tí ó wọn nǹkan bí kílò 70, afẹ́fẹ́ ìwọ̀n bar 2.5 ti tó, kódà ó lè dín díẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀. Jíà tí ó rọrùn gan-an wúlò fún igbó ju bí ẹni tí ó wo kánáàlì nìkan ti lè rò lọ. Agogo kẹ̀kẹ́ jẹ́ dandan lábẹ́ òfin, ẹ ó sì lò ó, nítorí àwọn apẹja máa ń na ọ̀pá ìpẹja gígùn la ọ̀nà kọjá. Akoto jẹ́ dandan fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12.

Igbó ní òfin tirẹ̀. Igi ìdábùú funfun àti pupa ní ẹnu ọ̀nà sábà máa ń dá ọkọ̀ nìkan dúró, ṣùgbọ́n ẹ ka pátákó tí ó wà lára rẹ̀, nítorí igbó aládàáni pọ̀ ní Faransé, pátákó tí a bá sì kọ «propriété privée» (ilẹ̀ aládàáni) sí túmọ̀ sí pé kí ẹ padà. Láti oṣù September títí dé ìparí February ni àwọn ọdẹ sábà máa ń ṣọdẹ. Bí ẹ bá rí «chasse en cours» (wọ́n ń ṣọdẹ lọ́wọ́), ẹ má wọlé, ì báà tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò gbọ́ ìró ìbọn kankan. Ẹ padà sí ọ̀nà omi, kí ẹ sì wọ aṣọ tí ó mọ́lẹ̀ rokoṣo. Ìdí nìyí tí May àti June fi dára jù lójú mi. Ẹ kò gbọ́dọ̀ dá iná nínú igbó tàbí níbi tí kò tó mítà 200 sí i; òfin ni, bẹ́ẹ̀ ni sítóòfù kékeré tí a fi ń se kọfí kò yọ sílẹ̀. Ní alẹ́, ẹ yẹ ẹsẹ̀ àti abẹ́ orúnkún wò fún eégbọn, nítorí ó ń kó àrùn Lyme ran ènìyàn, ẹ sì yọ ọ́ kíákíá.

Omi mímu kò ṣòro rí bí ẹ bá mọ ibi tí ẹ ó wò. Itẹ́ òkú abúlé sábà máa ń ní ẹ̀rọ omi tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń bomi rin òdòdó, àwọn oníkẹ̀kẹ́ sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Àmọ́ bí a bá kọ «eau non potable» (omi tí kò ṣeé mu) sí i, ẹ má mu ún. Oúnjẹ ló lè já yín kulẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù abúlé máa ń tì ní ọ̀sán, ó máa ń tì ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday, àwọn mìíràn kì í sì í ṣí rárá ní ọjọ́ Monday, nítorí náà ẹ ra búrẹ́dì ní òwúrọ̀ níbikíbi tí ẹ bá ti rí i.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ojú irin TER, tí ń rìn láàárín ẹkùn, máa ń gbé kẹ̀kẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ẹkùn kan ń béèrè pé kí ẹ gba ààyè sílẹ̀ ní àsìkò ooru. Nínú TGV, ọkọ̀ ojú irin ayára, a lè tú kẹ̀kẹ́, kí a kó o sínú àpò tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 130 ní gígùn àti 90 ní ìbú lọ. Bí ọkọ̀ náà bá béèrè tíkẹ́ẹ̀tì fún kẹ̀kẹ́, ọjọ́ kan náà tí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì tiyín ni kí ẹ gba ti kẹ̀kẹ́, nítorí ààyè tirẹ̀ máa ń tán kí ìjókòó tó tán.